Ikú Akápò Inú Gíláàsì

Bí ẹ bá ń gba Ìfàkò-Ìjàyè kọjá lọ sí Ògbà, ẹ ó ti rí géètì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ "Ìfẹ́gbùyì Ẹ́sítéètì" sí lára. Àwòrán ọkùnrin kan tó dé fìlà gogoro wà lábẹ́ orúkọ náà, ó na ìka sí iwájú bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé. Kì í ṣe gómìnà o. Kì í sì í ṣe ọba. Alága ẹgbẹ́ onílé ni. Òpópónà mẹ́rin péré àti gọ́tà kan tí kì í ṣàn ló ń ṣe alága lé lórí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé gbogbo Áfíríkà ló ti jókòó tì í.

Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Olúfúnṣọ́ Fáróunbí. Èmi ni mo gé e kúrú bẹ́ẹ̀. Bí akọ̀wé rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣínà, bá fẹ́ pè é níbi ìpàdé, ohun tó máa ń pè é ni "Ọlọ́lá jùlọ, Olóyè, Ẹnjiníà, Òpómúléró ẹ́sítéètì wa, Bàbá Ìsàlẹ̀ gbogbo onílé, Alága títí láé." Gbogbo èèyàn á dìde dúró, wọn ò sì ní jókòó títí yóò fi pè é tán. Ti ẹnjiníà yẹn, ẹ má bi mí. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni bàbá yìí jẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, páálí ló ń kà níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló di ẹnjiníà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé wọ́n pe Alága síbi ìkómọ kan ní Ọmọ́lẹ̀ Féèsì Tú. Ó wọ pálọ̀ ilé náà, ó sì rí àpótí gíláàsì ńlá kan tí àwọn ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Báwo ni ẹni tí kò jẹ́ alága ohunkóhun ṣe máa ní ẹja ní pálọ̀, tí òun Alága kò ní? Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ra tirẹ̀.

Ànúolúwapọ̀ ni orúkọ ọkùnrin tó tà á fún un, ẹja ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ìkẹjà. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ omi mọ́ ọn, ó wá nàró.

"Dádì, oúnjẹ wọn rèé sà," ó wí. "Díẹ̀ báyìí lẹ máa bù fún wọn, tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, ó tán nìyẹn. Tí omi bá dọ̀tí, ẹ yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, kí ẹ fi tuntun dípò. Ẹ ò gbọdọ̀ da gbogbo ẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan o. Fóòmù inú ẹ̀rọ yìí ńkọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án rárá. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tí ojú ò lè rí, àwọn ni wọ́n ń bá wọn jẹ ìdọ̀tí."

"Kòkòrò?" ni Alága wí. "Nínú pálọ̀ mi?"

"Kòkòrò dáadáa ni wọ́n sà."

"Kò sí kòkòrò dáadáa," ni Alága dá a lóhùn, ó sì ju ọwọ́ pé kó máa lọ. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ tó sì parí nínú ilé Olóyè Fáróunbí.

Ẹja lásán kọ́ ni Alága rà ní tirẹ̀. Ìjọba ló rà. Ó pe àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ, ó sì fi àwọn ẹja náà joyè lójú wọn. Èyí tó tóbi jù, tó pupa, tó sì ń lé àwọn yòókù kiri, òun ni Alága. Èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn níbikíbi tó bá yà sí, òun ni Akọ̀wé. Ọlọ́ràá kan wà tí ikùn rẹ̀ yọ síta, ìyẹn ló fi jẹ Akápò. Nígbà tí Làsísì, akápò ẹgbẹ́ gan-an, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Agége, gbọ́ pé wọ́n ti sọ ẹja lórúkọ òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi," ó wí, "ẹnikẹ́ni ò ṣe irú èyí fún mi rí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òótọ́ ló sọ. Ta ni yóò ṣe é?

Olúṣínà ló dá ọ̀rọ̀ búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì Agége lọ́jọ́ kan nínú pálọ̀ náà, ó gé díẹ̀, ó jù ú sínú omi fún ẹja tó ń jẹ́ Alága, ó ní, "Ẹ gbà, Ọlọ́lá jùlọ." Ẹja náà gbé e mì. Alága rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni gbogbo ẹ́sítéètì gbọ́. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá sílé Alága lọ́wọ́ òfo mọ́. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún iná ojú pópó rẹ̀ ṣe, yóò mú búrẹ́dì dání. Ẹni tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà nítorí adìyẹ, yóò mú búrẹ́dì dání. Alága wá sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá wá kí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwọn aláṣẹ inú gíláàsì, kó sì bọ́ wọn. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn a máa kúnlẹ̀ bọ́ wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bọ́ wọn. Stella ni wọ́n ń pè é, ọmọ Èkìtì, òun ló ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi nínú yàrá kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ni wọ́n ń já ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọn a sì padà wá gbé wọn nírọ̀lẹ́. Ó wá bá Alága nítorí ọkọ̀ kan tí wọ́n máa ń páàkì dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó pọn ọmọ ọlọ́mọ kan sẹ́yìn. Olúṣínà na búrẹ́dì sí i.

"Ẹ bọ́ àwọn aláṣẹ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, Àǹtí."

Stella gba búrẹ́dì náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú àpótí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò tíì jẹun ni?"

"Ṣé wọn ò tíì jẹun?" Olúṣínà wo Alága, ó tún wo Stella. "Ṣé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi àgbà nìyẹn?"

"Ẹ má bínú sà. Níbi iṣẹ́ mi, mi ò kì í fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ láì mọ̀ bóyá ó ti yó. Èyí tó wà níbí yìí, ikùn ẹ̀ ti wú jù." Ó tọ́ka sí Akápò. Làsísì, tó jókòó sí kọ̀rọ̀, fi ọwọ́ bo ikùn tirẹ̀ kíákíá.

Stella gbé búrẹ́dì náà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dí i lẹ́nu ọ̀nà. Alága kò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Búrẹ́dì orí tábìlì ló ń wò.

Kò pẹ́ kò jìnnà, omi inú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omidùn ògì. Àjẹkù búrẹ́dì ti ń jẹrà sáàárín òkúta, ó ń rùn. Bọ́sẹ̀dé, ìyàwó Alága, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, torí òun ló ń jókòó sí pálọ̀ náà wo tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá Ìníolúwa, omi yìí ti ń rùn o."

"Òórùn ọlá ni," ni Alága wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé àwọn kan ń bọ̀ láti káńsù lọ́jọ́ Ẹtì, òórùn ọlá kò dùn mọ́ ọn nímú mọ́. Ó ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Ó kó àwọn ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Bọ́sẹ̀dé bá òun da gbogbo omi nù pátápátá. Ó fi ọṣẹ fọ gíláàsì, ó fi ọṣẹ fọ òkúta. Nígbà tó kan fóòmù inú ẹ̀rọ, ó rántí kòkòrò. Ẹ̀rù rẹ̀ kò ba kòkòrò. Ó rẹ fóòmù náà sínú bílíìṣì, ó fún un, ó tún un rẹ, títí tó fi funfun ju ìgbà tí wọ́n rà á lọ. Lẹ́yìn náà ló tú omi tuntun láti ẹnu ẹ̀rọ sínú gíláàsì, ó sì da àwọn aláṣẹ padà sí ipò wọn. Àwọn ará káńsù dé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kan sáárá, oníkálukú wọn sì ju búrẹ́dì sínú omi kó tó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹja ti gba òkè omi lọ. Wọ́n gbé ẹnu sójú omi, wọ́n ń yà á, wọ́n ń pa á dé. Ẹni tó bá ti rí ẹni tí èémí ń há rí yóò mọ ohun tó ń wò. Alága dúró níwájú wọn, orí rẹ̀ wú.

"Olúṣínà, wá wo nǹkan! Kí ni wọ́n ń ṣe?"

Olúṣínà fi etí lé gíláàsì. "Wọ́n ń kí yín ni, Ọlọ́lá jùlọ. Wọ́n ní kí ẹ tún ṣe sáà kan sí i."

"Àní ẹja!" Alága nu ojú. "Ẹja mọ iṣẹ́ rere, ọmọ èèyàn ò mọ̀ ọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Akápò kú.

Ó yí ikùn sókè, ó ń léfòó. Alága mú fóònù, ó sì kọ ìkéde sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́ onílé pẹ̀lú gbogbo ìwúwo èdè tí Ọlọ́run fún un. Ó kà báyìí: "Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni mo fi ń kéde ìpapòdà Akápò wa ọ̀wọ́n, olóòótọ́ èèyàn, tó dágbére fáyé lọ́sàn-án òní nínú omi. Ìsìnkú yóò wáyé ní ẹ̀yìnkùlé mi nírọ̀lẹ́. Ẹ má mú òdòdó wá."

Kò fi ibì kankan pe Akápò ní ẹja. Kò rò pé ó yẹ.

Ariwo ta. Inú omi? Inú omi wo? Àwọn kan ní nínú bálùwẹ̀ ni. Àwọn kan ní Làsísì ti ń rojú láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó akọ̀wé bú sẹ́kún lójú pópó. Àlhájì Nùréènì, onílé tó dàgbà jù ní ẹ́sítéètì, kò sunkún ní tirẹ̀. Ó mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ó ra aṣọ funfun, ó kó àwọn ọmọkùnrin mélòó kan lẹ́yìn, ó gba ilé Làsísì lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé e ni ìdí tí wọ́n fi fẹ́ sin èèyàn sí ẹ̀yìnkùlé Alága.

Ó kan ilẹ̀kùn. Làsísì fúnra rẹ̀ ló ṣí i, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, orógbó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àlhájì. Ta ló kú?"

Àlhájì Nùréènì wo aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ ni."

"Èmi?"

"Alága ló kéde ẹ̀."

Ẹ wo ibi tí àṣà ìpọ́nni lè gbé èèyàn dé: Làsísì kò kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Ó ní, "Ṣé Alága fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìgbà tó yé e pé ẹja ni ọ̀rọ̀ náà ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ó wọ aṣọ, ó ra búrẹ́dì, ó lọ sílé Alága láti lọ bá a dárò ara rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè mi o, Ọlọ́lá jùlọ," ó wí, ó sì ju búrẹ́dì sínú omi fún àwọn tó kù.

Alága pe Ànúolúwapọ̀ lórí fóònù. Ó ròyìn bí àwọn ẹja ṣe ń ya ẹnu lókè omi.

"Háà! Dádì, afẹ́fẹ́ ni wọn ò rí yẹn! Ẹ tètè wá afẹ́fẹ́ fún wọn! Ẹ sì dá oúnjẹ dúró, kí ẹ..." Nẹ́tíwọ̀kì gé.

Alága kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ní kí wọ́n gbé fáánù ńlá onídùúró láti yàrá òun wá, kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí gíláàsì, kí wọ́n yí i dé òpin. Fáánù náà ń fẹ́ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fẹ́ kọ́tìnì, ó fẹ́ fìlà Alága bọ́ sílẹ̀, ó fún Bọ́sẹ̀dé ní ọ̀fìnkìn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Akọ̀wé náà kú. Kí wọ́n tó sin ín tán, àwọn mìíràn ti bá a lọ, ó wá ku ẹja tó ń jẹ́ Alága nìkan, ó ń mí gúlegúle nídìí ẹ̀rọ.

Olúṣínà kò lè sùn mọ́. Ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Alága ní tirẹ̀ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Májèlé ni," ó wí. "Ọ̀tá ló ṣe é. Olúṣínà, ta ni kò fẹ́ràn àwọn ẹja yìí?"

Olúṣínà ronú. Gbogbo ẹ́sítéètì ló ti bọ́ wọn. Gbogbo wọn ló ti kúnlẹ̀. "Àfi obìnrin ẹnu géètì yẹn," ó wí. "Oníjẹ́lé-ó-sinmi. Ó tilẹ̀ sọ pé ikùn Akápò wú."

"Ó ti mọ̀!" Alága fò dìde. "Ó ti mọ̀ pé yóò kú!"

Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Stella pé kó wá jẹ́jọ́ níbi ìpàdé gbogbogbòò lọ́jọ́ Sátidé, àti pé bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Stella jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ máa ń jókòó lé. Kò ní ibòmíràn. Àwọn ìyá ọmọ náà kò ní ibòmíràn. Ọ̀kan nínú wọn, Oyèníkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, bi í léèrè pé, "Àǹtí, tí wọ́n bá lé yín, ta ni mo fẹ́ gbé ọmọ fún lọ́jọ́ Mọ́ńdè?" Inú bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò ní purọ́ fún yín. Nítorí ẹja!

Ọjọ́ Sátidé pé. Wọ́n ta àtíbàbà sí àgbàlá Alága. Gbogbo onílé jókòó, Stella sì dá jókòó sí iwájú lórí bẹ́ǹṣì. Oyèníkẹ́ pọn ọmọ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu géètì àgbàlá, ó ń wò. Ànúolúwapọ̀ náà wà níbẹ̀. Alága ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ayé pé májèlé ló pa ẹja.

Olúṣínà pe oríkì, gbogbo èèyàn dìde dúró. Alága wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ẹ́sítéètì mi! Ọjọ́ dúdú lọjọ́ òní. Àwọn aláìlẹ́nu-ọ̀rọ̀, àwọn aláìlápá, àwọn aláìlẹ́sẹ̀, ni wọ́n pa! Ta ló tọ́jú wọn bí èmi? Èmi yìí, pẹ̀lú gbogbo ipò mi, èmi ni mo ká ṣòkòtò, tí mo da gbogbo omi ìdọ̀tí wọn nù! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rẹ fóòmù wọn sínú bílíìṣì, títí tí kòkòrò kan ò fi ṣẹ́kù!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ànúolúwapọ̀ gbé ọwọ́ lé orí.

"Nítorí náà," Alága ń bá a lọ, "mo gbé òfin kan kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ikú àwọn ẹja yìí, láti ìṣẹ́jú yìí lọ, kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́ yìí. Kò gbọdọ̀ dá àbá, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ dìbò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ta ló fọwọ́ sí i?"

Ọwọ́ lọ sókè bí igbó. Àlhájì Nùréènì pàápàá na tirẹ̀.

"Ó ti di òfin! Ó wá yá. Kí ojú lè ti ọ̀tá, ẹ jẹ́ kí oníkálukú dìde sọ ohun tó ṣe fún àwọn ẹja yìí nígbà ayé wọn."

Olúṣínà ló kọ́kọ́ dìde. "Èmi, àràárọ̀ ni mò ń fún wọn ní búrẹ́dì."

Làsísì kò lè jókòó gbọ́ irú ìyẹn. "Búrẹ́dì lásán lo fi ń bọ́ wọn? Èmi, oníbọ́tà ni tèmi! Láàárọ̀ àti lálẹ́!"

"Èmi máa ń fi mílíìkì rẹ tèmi!" ni obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Èmi ti fún wọn ní mọ́ínmọ́ín rí!"

"Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni tèmi, pẹ̀lú ẹran!"

Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń figbe bo ara wọn. Àlhájì Nùréènì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó títí, ó ní òun náà ti ju búrẹ́dì sí i rí, ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí òun wá nítorí gọ́tà. Bọ́sẹ̀dé ní òun ló bá ọkọ òun da omi nù. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́rìí tán, Alága na ìka sí Stella.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fún wọn?"

Stella dìde. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mi ò fún wọn ní nǹkan kan sà."

"Ẹ gbọ́!" Alága na apá méjèèjì. "Ẹ gbọ́ o! Ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́ja, bọ́ síbí. Yẹ omi náà wò níwájú gbogbo èèyàn."

Ànúolúwapọ̀ ti bu omi láti inú gíláàsì sínú ìgò tínrín kan. Ó kán oògùn díẹ̀ sí i, ó mì í, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó ṣàlàyé pé bí omi bá dára, yóò pọ́n bí òróró, bí kò bá dára, yóò di àwọ̀ ewé. Kíákíá ni omi náà di àwọ̀ ewé, ó ṣú dúdú bí omi ewúro.

"Májèlé wà nínú ẹ̀," Ànúolúwapọ̀ wí.

Àtíbàbà hó. Alága ń jó. Stella di bẹ́ǹṣì mú, omi ojú ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Tún un sọ!" ni Alága wí. "Sọ ọ́ sókè! Irú májèlé wo ni?"

"Ìgbẹ́ wọn ni, Dádì."

Alága dá ijó dúró.

"Ìgbẹ́ wọn àti búrẹ́dì tó jẹrà. Ohun tí wọ́n bá jẹ, wọ́n á yà á síbẹ̀ náà ni, inú omi yẹn kan náà ni wọ́n sì ti ń mí. Búrẹ́dì tí wọn ò jẹ tán náà ń jẹrà, ó ń di májèlé. Kòkòrò inú fóòmù yẹn ló yẹ kó máa bá wọn jẹ ẹ́ kúrò. Ẹ ò gbà mí gbọ́ ni? Dádì pa àwọn kòkòrò yẹn tán pẹ̀lú bílíìṣì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ níbí yìí. Bílíìṣì yẹn àti omi ẹ̀rọ tútù lójijì ló wá bá wọn parí ẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ mọ ẹni tó pa wọ́n, kò le. Ẹni tó bọ́ wọn ni."

Òǹkàwé, ẹ bá mi wo àtíbàbà yẹn. Ká ní ẹ wà níbẹ̀!

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fún wọn," ni Olúṣínà kọ́kọ́ wí. "Àràárọ̀ tí mo sọ yẹn, àṣìsọ ni."

"Bọ́tà mi kò tó nǹkan," ni Làsísì wí. "Mo ń fi nù ún ni."

"Ta ló ní mọ́ínmọ́ín? Èmi ò ní mọ́ínmọ́ín o!"

Alága wúkọ́. Ikọ́ náà kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ojú," ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ànúolúwapọ̀ ti wọ pálọ̀, ó ti jáde, ó gbé ọ̀rá kan tí omi tó mọ́ wà nínú rẹ̀ dání, ẹja pupa tó kù wà nínú omi náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé Alága kúrò níbí," ó wí. "Tó bá pẹ́ sí i níbẹ̀, ó ti tán."

"Gbé e lọ!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

"Gbé Alága lọ!" ni gbogbo àtíbàbà gbà á, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Olóyè Fáróunbí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò sọ pé ẹja ni wọ́n ń sọ. Olúṣínà, ọkùnrin tí etí rẹ̀ gbọ́ èdè ẹja, ń tẹ fóònù.

Àlhájì Nùréènì dìde. Ó dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀.

"Ìpàdé ò tíì parí," ó wí. "A ti ṣe òfin lónìí, gbogbo wa la na ọwọ́ sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikú ẹja kò lè di ipò mú, kò lè dá àbá, kò lè dìbò. Alága jẹ̀bi, wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ọ́. Akọ̀wé jẹ̀bi, Akápò jẹ̀bi. Èmi náà jẹ̀bi, mo ti dákẹ́." Ó tọ́ka sí àga onírọ̀rí tó wà níwájú. "Ẹni kan ṣoṣo ló kù tó lè jókòó síbẹ̀, kó bá wa parí ìpàdé yìí. Màmá, ẹ bọ́ síbẹ̀."

Stella wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Olóyè Fáróunbí di ọwọ́ àga mú. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ló wá fà á lápá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá Ìníolúwa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò wá báyìí." Ó dìde. Àpọ́nlé kankan kò tẹ̀ lé e dé ibi tó lọ jókòó sí.

Stella jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa, nítorí àga náà ga. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Kí ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀?" ó bi Àlhájì.

"Bóyá kí jẹ́lé-ó-sinmi kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́, tàbí kó dúró."

"Mo dá a lábàá pé kó dúró," ni Stella wí. "Ta ló fọwọ́ sí i?"

Kò sí ẹni tó mira. Olúṣínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, Àlhájì wò ó, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Làsísì ti fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ itan. Gbogbo onílé Ìfẹ́gbùyì Ẹ́sítéètì jókòó lórí ọwọ́ wọn bí àwọn ọmọ tí wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń jí ẹran jẹ.

Stella na ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó wo àtíbàbà láti òpin dé òpin, ó ń ka ọwọ́.

"Ẹyọ kan," ó wí. "Kò sì sí ẹni tó lè takò ó. Oyèníkẹ́, gbé ọmọ ẹ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."